Ẹ̀ẹ̀mejì Ni Mo Wo Submarine, Ẹ̀ẹ̀kan Ni Màmá Òdà Wò Ó

Iná lọ nígbà tó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí fíìmù náà parí. Pálọ̀ Màmá Òdà la wà ní Àkúrẹ́, lóṣù Kejìlá tó kọjá, ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé tí ètè gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí bó. Ọmọ-ọmọ wọn tó wà ní ọdún kejì ní FUTA ti dìde pé òun fẹ́ lọ tan jẹnẹrétọ̀. Màmá ní kó jókòó ná.

"Ẹ jẹ́ n bèèrè nǹkan kan," wọ́n wí látinú òkùnkùn. "Ọmọkùnrin yìí, ṣé kò ní í yà ní ọsibítù ni?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Màmá Òdà. Tíṣà ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ojú ọ̀nà Òdà ni ilé wọn wà, ibẹ̀ ni a ti rí orúkọ pè wọ́n. Ọdún mẹ́ta tí mo lò kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdírì, ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé. Wọn kì í sábà wo fíìmù òyìnbó. Wọ́n ní àwọn òyìnbó kì í kíra wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èmi ni mo gbé kọ̀ǹpútà mi sórí tábìlì, mo fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa jókòó. Mo ti bú fíìmù yìí rí. Mo fẹ́ mọ bí yóò ṣe rí lójú ẹni tí kò ka nǹkan kan nípa rẹ̀, tí kò sì bìkítà láti kà á.

Mo ti ka ohun tí àwọn lámèyítọ́ kọ lórí rẹ̀ ní àkàtúnkà. A ti jiyàn lórí kámẹ́rà, lórí àwọ̀, lórí ẹni tí olùdarí ń wò ṣe àwòkọ́ṣe. Nínú gbogbo èyí tí mo kà, kò sí ìkankan tó gba ẹnu ọ̀nà ọsibítù wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí i: Submarine ni orúkọ fíìmù náà. Àjọ̀dún fíìmù Toronto ní Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde, lóṣù Kẹsàn-án 2010, ó sì dé àwọn ilé sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù Kẹta 2011. Inú ìwé ìtàn àròsọ tí Joe Dunthorne tẹ̀ jáde ní 2008 ni wọ́n ti fa ìtàn náà yọ. Ìlú Swansea, ní Wales, ni ó ti ṣẹlẹ̀. Oliver Tate, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ń wá ọ̀nà láti fẹ́ ọmọbìnrin kan ní kíláàsì rẹ̀, Jordana Bevan. Kóòtù pupa ni Jordana máa ń wọ̀, ẹ̀kísímà ń yún un lára, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùndídùn kankan. Ìṣáná ló fẹ́ràn. Ó máa ń fi jó irun ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀. Nílé, ìgbéyàwó bàbá àti ìyá Oliver ń mì. Bàbá rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú òkun, òun fúnra rẹ̀ sì ti rì sínú ìrẹ̀wẹ̀sì. Ọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ ti fẹ́ rí nígbà èwe wá kó wá sí ìtòsí ilé wọn, ó ń pe ara rẹ̀ ní aríran, ó ní òun ń rí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ lára àwọn èèyàn. Kò pẹ́, àìsàn dé bá ìyá Jordana: kókó ni, nínú ọpọlọ. Ibẹ̀ ni Oliver ti já ọmọbìnrin náà kulẹ̀. Kò sí níbẹ̀ nígbà tó yẹ kó wà níbẹ̀.

Bí mo bá ti tú àṣírí ìtàn náà fún yín, ẹ má bínú. Fíìmù náà ti lé ní ọdún mẹ́wàá.

Nígbà tí orúkọ olùdarí jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, Màmá na ìka sí i. "Ayọ̀adé kẹ̀? Ta ni Ayọ̀adé?" Mo ṣàlàyé pé Richard Ayoade ni, pé ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Norway ni ìyá rẹ̀, wọ́n bí i ní 1977, ó kàwé òfin ní Cambridge kó tó di pé àwàdà gbé e lọ, òun náà ló ṣe Moss nínú The IT Crowd lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fíìmù gígùn tó kọ́kọ́ darí sì nìyí.

"Ayọ̀adé ti ibo?"

"London ni wọ́n bí i sí, mà."

"Mi ò bi ọ́ níbi tí wọ́n bí i sí."

Ọmọ-ọmọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Látìgbà náà lọ, "ọmọ Ayọ̀adé" ni Màmá ń pe olùdarí náà. Bí kámẹ́rà bá ṣe ohun tó wù wọ́n, wọ́n á ní ọmọ Ayọ̀adé gbìyànjú. Bí fíìmù bá falẹ̀, wọ́n á ní kí ló ń ṣe ọmọ Ayọ̀adé yìí. N kò rí lámèyítọ́ òyìnbó kan tó bá a lò báyẹn, bí ẹni tó bá ọmọ ilé sọ̀rọ̀.

Lápapọ̀, àwọn lámèyítọ́ gba fíìmù náà tọwọ́ tẹsẹ̀. Roger Ebert ti Chicago, ẹni àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Pulitzer nítorí àyẹ̀wò fíìmù, ní 1975, fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú mẹ́rin. Inú rẹ̀ dùn pé kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn fíìmù ọ̀dọ́ tí gbogbo rẹ̀ dá lórí ìbálòpọ̀ àti ẹ̀rín òmùgọ̀. Lórí Rotten Tomatoes, níbi tí wọ́n ti ń ka àyẹ̀wò àwọn lámèyítọ́ pọ̀, àwọn tó gbè é lé ní 80 nínú 100. Ṣùgbọ́n ẹ rọra pẹ̀lú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ o. Kì í ṣe máàkì. Iye àwọn tó ní "kò burú" ni wọ́n kà. Bí èèyàn ọgọ́rùn-ún bá tọ́ ọbẹ̀ wò tí gbogbo wọn ní ó ṣeé jẹ, 100 ni ọbẹ̀ náà yóò gbà, bẹ́ẹ̀ ó lè má sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó tún na àwo rẹ̀ pé kí wọ́n bu sí i.

Ní 2012, BAFTA, àjọ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ fíìmù ní àmì-ẹ̀yẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi Ayoade kún àwọn tó ń dupò àmì-ẹ̀yẹ fún iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kò gbà á. Paddy Considine ló gbà á pẹ̀lú olùgbéjáde rẹ̀, fún Tyrannosaur, fíìmù gígùn tí òun náà kọ́kọ́ darí. Considine yìí kan náà ló ṣe aríran nínú Submarine. Ọkùnrin tó fẹ́ gba ìyàwó onílé nínú fíìmù ló tún wá gba ẹ̀bùn mọ́ olùdarí lọ́wọ́ lójú ayé. Nígbà tí mo sọ èyí fún Màmá, wọ́n pàtẹ́wọ́: "Mo ti sọ fún yín pé ojú ọkùnrin yẹn ò dáa."

Àríwísí náà wà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé fíìmù náà jọ ti àwọn ẹlòmíràn jù. Wọ́n dárúkọ Wes Anderson àti Rushmore rẹ̀ ti 1998, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ti gbọ́n ju ara rẹ̀ lọ. Wọ́n dárúkọ fíìmù Harold and Maude. Wọ́n dárúkọ François Truffaut, tí fíìmù rẹ̀ The 400 Blows ti 1959 parí sí etí òkun, tí ọmọkùnrin rẹ̀ dúró níbi omi, tó yíjú padà sí wa. Submarine náà, etí òkun ló parí sí. Ó tún ní àkọlé ńláńlá tó ń pín in sí apá apá, ó ní ohùn tó ń ròyìn, pupa rẹ̀ pupa fòò, àwọ̀ aró rẹ̀ sì bo gbogbo ìyókù. Nítorí náà, ẹ̀dà ni, àbí?

N kò rí agbára nínú ẹ̀sùn yẹn. Níbi tí a ti wá, jíjọ kì í ṣe olè. Oníjàlá tó bá fẹ́ ki erin, kò sẹ́ni tó ní kó lọ dá erin tuntun. Ìlà tí bàbá rẹ̀ fi ki erin ni òun náà yóò fi kì í. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ń tẹ́tí sí ni ibi tó ti yà, ibi tó ti fa ohùn gùn, ẹni tó wà lágbo tó kì mọ́ ọn. Bó bá ṣì í kì, oníjàlá ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní í jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, yóò dá a dúró lójú agbo. Ìbéèrè tó yẹ kí á bi ọmọ Ayọ̀adé ni pé níbo ló ti yà? Bí a bá bèèrè bẹ́ẹ̀, à á rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn òbí ló ti yà. Nínú irú fíìmù báyìí, òbí sábà máa ń jẹ́ ògiri tí ọmọ ń forí gbá. Níbí, àwọn gan-an ni ìfẹ́ ń dùn lára jù.

Àríwísí kejì ló gún mi, nítorí èmi náà kọ ọ́. Wọ́n ní fíìmù náà mọ ara rẹ̀ jù, ó ń gbọ́n ọgbọ́n orí, Oliver tutù, kò ṣeé fẹ́ràn. Ní 2013, mo wà ní yunifásítì. Fíìmù ń bọ́ láti orí fíláàṣì kan sórí òmíràn ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì wa, ẹni tó bá sì ti wo mẹ́wàá nínú àwọn tí kò sí ìbọn nínú wọn ti di lámèyítọ́. Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí Submarine. Mo ní fíìmù tó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí ni. Mo fún un ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo lo odidi ìpínrọ̀ méjì láti fi bú Oliver pé bí ìwé ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wo, mo bèèrè, ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Mo kọ ìyẹn láìrẹ́rìn-ín. Ẹ fi í sọ́kàn, ẹ óò rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun tí n kò rí nígbà náà ni ọmọ-ọmọ Màmá rí láàárín ogún ìṣẹ́jú. Lápá ìbẹ̀rẹ̀, Oliver fojú inú wo ikú ara rẹ̀. Ó rí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ń sunkún, ó rí àwọn tó tan àbẹ́là, ó rí bí Jordana yóò ṣe dárò òun. Nígbà tó yá, ó ní ó ń wu òun kí àwọn tó ń ya fíìmù máa tẹ̀ lé òun kiri, kí kámẹ́rà gòkè lọ sókè réré bí òun bá ti ń rìn lọ. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kò bá yí padà, owó tó wà nílẹ̀ fún fíìmù ìgbésí ayé òun kò lè ju kí kámẹ́rà kàn fà sẹ́yìn lọ. Lójú ẹsẹ̀, kámẹ́rà fà sẹ́yìn. Ọmọ-ọmọ Màmá dá a padà, ó tún un wò.

"Bọ̀dá," ó ní, "kì í ṣe fíìmù ló ń ṣe fọ́rífọ́rí. Òun ni. Ó ń ṣe fíìmù ara ẹ̀ lórí ara ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àbùkù tí a rí lára fíìmù, lára ọmọ náà ló wà. Fíìmù náà mọ̀, ó sì ń gbé e hàn wá. Ẹ̀dà tí wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré kan láti ọwọ́ Oliver sí àwọn ará ibẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọn kò tíì gbógun ti ìlú òun, ó wá ní fíìmù yìí ṣe pàtàkì, kí wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ tó ní ọ̀wọ̀ gbà á. Ọmọ tó ti ń ṣètò bí àwọn èèyàn yóò ṣe gba ìtàn òun kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀! Ẹni tó bá ń lo gbogbo ọjọ́ láti fi wo bí òun ṣe rí nínú ìfẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè wo ẹni tí òun fẹ́?

Mo mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé inú aṣọ rẹ̀ rí, ní Àkúrẹ́ níbí.

SS3 ni mo wà. Lẹ́yìn ilé ìwé, a máa ń lọ sí lẹ́sìn JÁǸBÙ nínú ilé alájà kan lẹ́bàá Ọba Adésídá, níbi tí ariwo ọkọ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tí tíṣà fíṣíìsì ń wí. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí n kò ní í dárúkọ. Ó ga jù mí lọ. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, yóò fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí eyín rẹ̀ kan tó gun èkejì níwájú, mo sì ti pinnu pé eyín yẹn ni ohun tó dára jù ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó. A máa ń rìn láti ibẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba kó tó wọ ọkọ̀. Bí owó bá wà lọ́wọ́ mi, à á ra àgbàdo sísun àti àgbọn. Bí kò bá sí, à á kan rìn. Òun ló máa ń sọ̀rọ̀ jù. Èmi máa ń ronú nípa ohun tí n óò sọ nígbà tó bá dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀kadà gbá bàbá rẹ̀. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù, ẹsẹ̀ ló kán, wọ́n ní yóò le. Ó bá mi níta lẹ́sìn, kò wọlé. "Wá kí wọn lọ́la, jọ̀ọ́. Màmá mi nìkan ló wà níbẹ̀." Mo ní màá wá.

Mo sọ fún Màmá Òdà pé bàbá ọmọ kíláàsì mi kan wà ní ọsibítù. Wọn kò bi mí léèrè pé ọmọ kíláàsì ọkùnrin àbí obìnrin. Wọ́n jí ní kùtùkùtù, wọ́n se mọ́ínmọ́ín ewé, wọ́n po ẹ̀kọ, wọ́n kó o sínú fúláàsìkì wọn aláwọ̀ aró, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí a gbé jáde nílé. Wọ́n ní kí n bá wọn kí wọn, kí n ní Ọlọ́run yóò fọwọ́ tó o.

Mo gbé fúláàsìkì náà jáde nílé. Mo rìn dé ibi lẹ́sìn. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó pé kò yẹ kí n lọ lọ́wọ́ òfìfo, bẹ́ẹ̀ fúláàsìkì wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo ń pè ní lọ́wọ́ òfìfo ni pé n kò ní ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ àkókò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jinlẹ̀. Mo jókòó kọ lẹ́tà. Mo ní díkíṣọ́nárì kékeré kan nínú báàgì mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ, mo máa ń wo inú rẹ̀ bóyá èyí tó gùn ju ìyẹn lọ wà. Mo kọ nípa ìjìyà ẹ̀dá. Mo kọ nípa òṣùpá. Mo rí ara mi níbi tí mo ti ń kọ ọ́, mo rí bí orí mi ṣe tẹ̀, mo rí bí òun yóò ṣe kà á tí omijé yóò máa bọ́ sórí ìwé. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ilẹ̀ ti ń ṣú, àkókò tí wọ́n fi ń jẹ́ kí àlejò wọlé ti kọjá. Ebi ń pa mí. Mo jẹ mọ́ínmọ́ín náà. Mo mu ẹ̀kọ náà.

"Ṣé wọ́n jẹ ẹ́?" Màmá bi mí lálẹ́.

"Wọ́n jẹ ẹ́, mà. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọjọ́ kẹrin ni mo tó rí ọmọbìnrin náà. Mo fún un ní lẹ́tà, ojú ìwé mẹ́rin. Ó kà á lórí ìdúró, kíákíá, bí ẹni ń ka ìwé iná mànàmáná. Kò sí omijé. Ó ká a padà síbi tó ti ká tẹ́lẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Wọ́n gbé bàbá mi lọ sí Ìbàdàn lánàá," ó ní. Lẹ́yìn náà, ó wò mí díẹ̀. "Gẹ̀ẹ́sì ẹ dáa gan-an."

Àyẹ̀wò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe lórí iṣẹ́ mi nìyẹn. N kò tíì rí èyí tó ṣe é ní ṣókí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ óò wá rí ìdí tí ìràwọ̀ mi fi jẹ́ méjì. Ọdún mẹ́rin ni mo fi sọ ọ̀rọ̀ náà di ìgbàgbé, ọmọ Ayọ̀adé wá lọ kó o jọ ní Wales, ó fi kóòtù wọ̀ ọ́, ó gbé e síwájú mi nínú họ́sítẹ̀ẹ̀lì níbi tí ẹni mẹ́fà ti ń wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Ó rọrùn láti ní fọ́rífọ́rí ni.

Ẹ má rò pé mo ní kò lábùkù. Ó ní. Ìgbà kan wà láàárín tí aríran yẹn gba ilẹ̀ jù, tí àwàdà rẹ̀ kò tó ẹrù tí wọ́n gbé lé e. Ọmọbìnrin kan tún wà tí Oliver àti Jordana jọ fìyà jẹ níbẹ̀rẹ̀, ọmọ tó sanra, wọ́n tì í títí ó fi já sínú omi. Oliver kọ ìwé kékeré láti kọ́ ọ bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn afìyàjẹni. Ẹ ò rí i, ìwé náà tún ni! Fíìmù mọ̀ pé ohun tó ṣe burú, ṣùgbọ́n kò padà wá ọmọ náà mọ́. Màmá bèèrè lẹ́ẹ̀mejì: "Ọmọ tí wọ́n tì sómi ńkọ́?" N kò ní èsì fún wọn, mo sì rò pé ọmọ Ayọ̀adé náà jẹ wọ́n ní gbèsè kan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí ló mú Màmá jù. Nínú yàrá bàbá àti ìyá Oliver, bọ́tìnì iná kan wà tí wọ́n lè fi dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ọmọ náà máa ń lọ wò ó láràárọ̀, láti mọ̀ bóyá wọ́n dín iná kù lálẹ́, kó lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń sún mọ́ra. Àwọn lámèyítọ́ rẹ́rìn-ín sí èyí, èmi náà rẹ́rìn-ín ní 2013. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó ń ṣọ́ wọn. Ta ló wá ń ṣọ́ òun?" Mo rántí pé opó ni wọ́n láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wọn ti wà ní pámárì, mo sì pa ẹnu mi mọ́.

Nígbà tí bàbá Oliver gbọ́ pé ọmọ òun ti ní ọ̀rẹ́bìnrin, ó fún un ní kásẹ́ẹ̀tì kan tó ká orin sí. Ẹ̀gbẹ́ kan wà fún ìbẹ̀rẹ̀ ìfẹ́, nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì ń dùn. Ó sì ká àwọn kan síbẹ̀ fún ọjọ́ tí yóò bà jẹ́. Ọmọ-ọmọ Màmá pariwo: "Bàbá wo?" Ní Àkúrẹ́ kẹ̀. Bí bàbá mi bá gbọ́ pé mo ní ọ̀rẹ́bìnrin ní SS3, ohun tí wọn ìbá fún mi ní ẹ̀gbẹ́ méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ọkùnrin yẹn kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta papọ̀ fún ìyàwó tirẹ̀. Ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè gbé, ó ní kí orin bá òun gbé e. Noah Taylor ló ṣe bàbá yìí, Sally Hawkins ṣe ìyá. Bí mo bá tún àyẹ̀wò mi kọ lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn orin tí Alex Turner ti ẹgbẹ́ Arctic Monkeys kọ fún fíìmù náà, tí gbogbo ènìyàn yìn, bíi kásẹ́ẹ̀tì bàbá yẹn ni wọ́n rí létí mi: jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà.

Nípa òkun, ojú tí a fi wò ó kò lè dọ́gba. Àwọn lámèyítọ́ sọ nípa etí òkun Swansea bí ohun tó ń fi ọkàn ọmọ náà hàn, eérú lókè, eérú nísàlẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ tiwa, òkun wà lápá Ìlàjẹ, ibẹ̀ sì ni Ayétòrò wà, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n sì kọ́ ilé wọn sórí omi. Òkun ti ń jẹ ìlú náà díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Àwọn ibi tó jẹ́ ilé tẹ́lẹ̀ ti di omi. Mo ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí àwọn ọmọ inú fíìmù bá dúró tí wọ́n ń wo òkun pẹ̀lú ìrònú, ara mi kì í balẹ̀. Mo máa ń fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n sún sẹ́yìn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí pálọ̀, sínú òkùnkùn.

"Rárá, mà," mo dá Màmá lóhùn. "Kò lọ sí ọsibítù."

Wọ́n ní "hùn". Ọyẹ́ ń fẹ́ kọ́tínì. Ọmọ-ọmọ wọn tan iná fóònù rẹ̀, ó gbé e dojú dé orí tábìlì, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sì yọ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ náà ò kúkú lọ," Màmá wí.

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀.

"Mo pàdé ìyá ọmọ yẹn ní Ọjà Ọba, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Mo kí wọn kú ìrọ́jú. Mo ní ṣé mọ́ínmọ́ín yẹn kò ní iyọ̀ jù. Wọ́n ní mọ́ínmọ́ín wo?"

"Màmá, ẹ ò sì sọ nǹkan kan fún mi látìgbà náà?"

"O ti jẹ ẹ́ tán. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

Ọmọ-ọmọ wọn ń wo èmi, ó ń wo wọn. Kò mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà tó yẹ kí òun bèèrè. Ó ní òun ń lọ tan jẹnẹrétọ̀. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, iná dé, gbogbo àdúgbò sì pariwo bí wọ́n ṣe máa ń pariwo. Tẹlifíṣọ̀n tún tàn. Màmá fa ìborùn wọn mọ́ èjìká. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ.

A wò ó dé òpin. Oliver àti Jordana dúró létí òkun, wọn kò sọ ohun púpọ̀. Wọ́n rìn wọnú omi lọ títí ó fi bo kókósẹ̀ wọn, ó wo obìnrin náà, obìnrin náà wò ó.

"Wọn ò tiẹ̀ bọ́ bàtà," Màmá wí.